Dídènà Àpá Inú lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀pá-Ẹ̀yìn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Àpá tí a kò fi ojú rí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé: èyí tí ó ń yí gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára ká lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀pá-ẹ̀yìn.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sí ojú abẹ wà lára ohun tí àpá fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Nítorí náà, oníṣẹ́ abẹ a gé ìwọ̀nba ẹran, a sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró dáadáa. Àwọn mìíràn a fi ọ̀rá ara aláìsàn bo iṣan náà. Síbẹ̀, kò sí ọ̀nà kan tí ó dènà àpá pátápátá. Ní ti aláìsàn, kí ó dìde rìn ní kété tí dókítà bá gbà á láyè.

Kì í ṣe gbogbo àpá ní ń dunni. Bí ìrora bá padà, kí a má kánjú ṣe iṣẹ́ abẹ kejì, nítorí òun náà a máa dá àpá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró, kí olùkọ́ gba ẹbí nímọ̀ràn láti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Ìdó-Èkìtì, lọ́jọ́ náà gan-an.