Imí-Ọjọ́ Tó Sá Pamọ́ Sínú Dísẹ̀lì

Ẹni tó bá ti ra imí-ọjọ́ rí lọ́wọ́ àwọn lẹ́kúlẹ́jà mọ̀ ọ́n dáadáa: ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pò mọ́ òróró fún ara yíyún. Òun náà ló wà nínú epo tí à ń bù sínú jẹnẹrétọ̀, àmọ́ kì í ṣe oògùn níbẹ̀. Bí epo bá ti ń jó, á bá èéfín jáde, á máa ta ni nímú, á sì máa dá kún ìnira oníkọ́-fée. Bí òjò bá bá a lókè, omi kíkan ni yóò dà.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a jà. Lọ́dún 1885 ni wọ́n kan epo rọ̀bì nílùú Lima, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Epo náà ń rùn bí ẹyin tó ti dòbu, kẹrosíìnì tó sì ti inú rẹ̀ wá ń sọ gíláàsì àtùpà di dúdú. Herman Frasch, ọmọ Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ló wá nǹkan ṣe sí i fún ilé iṣẹ́ Standard Oil. Ó da lúbúlúbú bàbà tó ti gba ọ́síjìn sára mọ́ kẹrosíìnì náà, bàbà sì gba imí-ọjọ́ lọ́wọ́ epo. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yan bàbà lórí iná kó lè tún ṣiṣẹ́. Ohun líle tí kò yòrò sínú epo, tó sì ṣeé tún lò: ohun tí wọ́n ṣì ń wá dòní nìyẹn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, háídrójìn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbà. Wọ́n ń gbé cobalt àti molybdenum sórí álúmínà, wọ́n á mú epo gbóná tó 300 sí 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì fi agbára ńlá ti háídrójìn sí i. Ọ̀nà yìí ló ń fọ èyí tó pọ̀ jù nínú epo ayé, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì kéré.

Òfin ló fi ibi tó kù sí hàn. Amẹ́ríkà ní kí imí-ọjọ́ inú dísẹ̀lì ọkọ̀ má ju 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan láti 2006. Yúróòpù sọ ọ́ di 10 ní 2009. Lọ́dọ̀ tiwa, ó di oṣù Kejìlá 2016 kí Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire tó fẹnu kò nílùú Abuja pé kí ó má ju 50 lọ. Títí di ìgbà yẹn, 3,000 ni Nàìjíríà ṣì ń gbà láyè. Ó dùn mí, nítorí epo rọ̀bì Bonny Light tí à ń tà síta kò ní imí-ọjọ́ púpọ̀ nínú, dísẹ̀lì tí à ń rà wọlé nígbà náà ló kún fún un.

Kí iye náà tó lè lọ sílẹ̀ tó 10, àwọn olórí kunkun nínú àwọn èròjà onímí-ọjọ́ inú epo ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá wí. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ 4,6-dimethyldibenzothiophene. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: imí-ọjọ́ jókòó sáàárín, ìdì kábọ̀nù kékeré kan wà lọ́tùn-ún, ìkejì wà lósì, bí ẹ̀ṣọ́ méjì lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Imí-ọjọ́ yìí gbọ́dọ̀ fara kan cobalt àti molybdenum yẹn, ìyẹn amúṣẹ́yá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní katalísìtì, kí háídrójìn tó lè rí i fà yọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í jẹ́.

Ni àwọn onímọ̀ kan bá gba ẹ̀yìn yọ. Wọn kò fa imí-ọjọ́ mọ́. Wọ́n fún un ní ọ́síjìn méjì, ó sì di súlfóònù, tí í máa fi epo sílẹ̀ tẹ̀ lé olómi bíi methanol tàbí acetonitrile. Ooru rẹ̀ kì í sábà tó 100, kò sì béèrè háídrójìn rárá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń lé háídrójìn wọ̀nyẹn, àwọn náà ló ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ imí-ọjọ́, ohun tí ọ́síjìn sì ń wá gan-an nìyẹn. Èyí wú mi lórí púpọ̀.

Hydrogen peroxide, tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò, ni wọ́n sábà fi ń gbé ọ́síjìn náà wá, pẹ̀lú ásíìdì tó ń ràn án lọ́wọ́. Ásíìdì olómi ṣòro láti kó jáde, ó sì ń jẹ irin. Ó wá di dandan kí amúṣẹ́yá rí ibi líle jókòó. Láti 1983 ni wọ́n ti ní irú rẹ̀ kan ní Ítálì, TS-1, titanium tí wọ́n tò sínú sílíkà. Àmọ́ ihò rẹ̀ tóóró ju ara àwọn olórí kunkun wọ̀nyí lọ; wọn kò lè wọlé. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Mobil gbé sílíkà tó ń jẹ́ MCM-41 jáde ní 1992, tí SBA-15 tẹ̀ lé e ní 1998 láti yunifásítì Santa Barbara, ni ihò tó fẹ̀ tó dé. Gíráàmù kan péré nínú irú sílíkà yìí lè ní ojú tó ju 600 mítà onígun mẹ́rin lọ. Titanium, molybdenum, tungsten àti vanadium, gbogbo wọn ni wọ́n ti tẹ́ sórí irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro ṣì wà. Súlfóònù a máa lẹ̀ mọ́ amúṣẹ́yá títí yóò fi dí i pa, wọ́n á sì ní láti fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n yan án, bí Frasch ṣe ń yan bàbà. Irin tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ lè máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Hydrogen peroxide ń náni lówó, ó sì ń gbé omi wọnú epo. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbìyànjú láti lo afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí dípò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń rà, àmọ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ kì í tètè jí, bó bá sì jí tán, epo gan-an ló lè kọ́kọ́ dojú kọ, kó fi imí-ọjọ́ sílẹ̀.