Títọ́jú Ọkọ̀ fún Eré Ìdíje

Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé náà ni ó fi ń sáré ìdíje lópin ọ̀sẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n ń sá a, lójú ọ̀nà tààrà, ìdámẹ́rin máìlì péré. Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní ọdún 1951 kí àwọn ọ̀dọ́ lè yé sá irú eré bẹ́ẹ̀ láàárín ìgboro.

Má ṣe rò pé ọkọ̀ tí ó yá jù ni yóò borí dandan. Awakọ̀ yóò kọ́kọ́ sọ iye àkókò tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò lò. Bí o bá sọ pé ìṣẹ́jú àáyá 15, tí ẹnìkejì sọ pé 13, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ gbéra, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 2. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ní 14.9, o pàdánù nìyẹn, àfi bí ẹnìkejì náà bá ṣẹ̀ jù ọ́ lọ. Ọkọ̀ tí kì í yí ìwà padà ni à ń wá!

Nítorí náà, kó ẹrù inú búùtù kúrò. Wọn afẹ́fẹ́ táyà, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì lo iye kan náà nígbà gbogbo. So bátìrì mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò: ọ́ìlì díẹ̀ tí ó bá jò sójú ọ̀nà lè mú kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yọ̀, kí ó sì forí sọ ògiri. Ọkọ̀ tí ó bá ń jò, àwọn alábòójútó kò ní jẹ́ kí ó wọlé rárá.