Aṣọ Ńlá Kọ́ Ni Ènìyàn Ńlá: Iná Aláràbarà àti Máòsì Tí Kò Ní Wáyà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ohun èlò tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà lóde òní mu. Kíbọ́ọ̀dù ń tàn bí òṣùmàrè, máòsì ń pàwọ̀ dà bí ọ̀gà, wáyà tí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ sì ti dàwátì. Ẹni tí yóò bá náwó lé wọn lórí gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ àti èyí tí ó ń ṣiṣẹ́.

Iná náà kò ṣàdédé dé. Ní 1962 ni Nick Holonyak, ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ṣe gílóòbù LED tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa. Aláwọ̀ ewé náà jáde, ṣùgbọ́n aláwọ̀ aró tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa di ìṣòro fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ Japan mẹ́ta ni wọ́n borí ìṣòro náà: Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ní Yunifásítì Nagoya, àti Shuji Nakamura ní ilé-iṣẹ́ Nichia, tí ó gbé tirẹ̀ jáde ní 1993. Ní 2014, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Pupa, ewé àti aró wọ̀nyí ni a ń pè ní RGB. Bí pupa àti ewé bá tàn pọ̀, àwọ̀ ìyeyè ni ojú yóò rí; bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn ní ìwọ̀n kan náà, funfun ni. Níwọ̀n bí a ti lè dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù tàbí kí a fi kún un ní ìpele 256, àwọ̀ tí ó lè ti ibẹ̀ jáde jẹ́ 16,777,216.

Ní ti wáyà, àwọn òṣèré kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ máòsì tí kò ní in tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó máa ń lọ́ra. Ìgbì rédíò 2.4 GHz ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, èyí tí Bluetooth àti Wi-Fi náà ń lò, ọ̀nà náà sì máa ń kún bí ọjà alẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwọn ẹ̀rọ tuntun lè fò kúrò lójú ọ̀nà tí ó bá dí bọ́ sí òmíràn. Ní 2016, máòsì G900 ti Logitech ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí oníwáyà ti ń ṣe. Àwọn mìíràn ti dé 8,000 báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìjà ni pé bátìrì kan ṣoṣo ni iná àti ìgbì rédíò jọ ń jẹ. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe G502 Lightspeed ní 2019 sọ pé bátìrì rẹ̀ lè tó wákàtí 48 bí iná bá ń tàn, kí ó sì tó 60 bí a bá pa á. Wákàtí 12 ni ẹwà ń gbé lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe Pro X Superlight fún àwọn tí ń fi eré díje ní 2020, kò fi iná aláràbarà sí i rárá. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó gíráàmù 63, bátìrì rẹ̀ sì lè tó wákàtí 70.

Iná kò mú ọwọ́ yá, kò sì mú ojú ríran jù. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbé níbi tí iná mànàmáná kì í dúró déédéé, tí ó sì fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí fún ọmọ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye wákàtí tí bátìrì lè lò àti iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń jíṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó wo àwọ̀. Bí ọmọ bá sì fẹ́ràn òṣùmàrè, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó mọ bí a ti ń pa á.