Ọ̀rá tó ń pa ewúrẹ́ ní Njau: ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó fún àwọn ọmọ wa

Bí a bá sọ fún ọmọ pé kó má da ọ̀rá sílẹ̀, ó lè gbọ́ lónìí kó gbàgbé lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ ibi tí ọ̀rá ń lọ lẹ́yìn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á yé e ju àṣẹ lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ̀yin òbí sọ ìtàn abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà fún àwọn ọmọ yín. Njau ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà kan rí, agbọ̀n tí wọ́n fọwọ́ hun làwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń gbé lọ sọ́jà. Nígbà tí ọ̀rá dé, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan, ni wọ́n bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ agbọ̀n tó bá gbó máa ń jẹrà di ilẹ̀, ọ̀rá kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ya, wọ́n á jù ú sẹ́yìn ilé. Òjò á rọ̀, omi á dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn á yé sí i. Àwọn kan ń sun ún, èéfín rẹ̀ sì léwu fún ọmọdé àti àgbà. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá ń jẹ ọ̀rá mọ́ oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ọ̀rá náà á dí wọn nínú, wọ́n á sì kú. Ẹni tó ń fi ọ̀sìn ewúrẹ́ gbọ́ bùkátà mọ̀ pé owó ilé-ìwé ọmọ ló lọ yẹn.

Lọ́dún 1997, Isatou Ceesay, ọmọ bíbí Njau, àti obìnrin mẹ́rin mìíràn pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọn kò dúró de ìjọba. Wọ́n ṣa ọ̀rá lórí ààtàn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ hun ún di àpamọ́wọ́. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, débi pé alẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí ojú má bàa tó wọn. Nígbà tí àpamọ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà, àwọn obìnrin mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ọdún 2015 ni ìjọba Gáḿbíà tó fòfin de ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò rẹ̀: ọdún 18 ni àwọn obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ kí òfin tó dé. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwé ọmọdé tí Miranda Paul kọ nípa wọn, One Plastic Bag, jáde. Elizabeth Zunon ló ya àwòrán inú rẹ̀.

Àwa náà ní Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí ìmọ́tótó àdúgbò. Púpọ̀ nínú àwa òbí mọ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ẹnikẹ́ni kì í jáde títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Lọ́dún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé ìsémọ́lé yẹn. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, a ti rí àléébù kan: a máa ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà jọ sí etí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ á sì gbá a padà sínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ torí ìbẹ̀rù kì í bèèrè ibi tí pàǹtí ń lọ.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ mú wọn rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé yín dé ibi tí gọ́tà ti já sódò. Ẹ bi wọ́n pé, bí ọ̀rá bá dí ibí yìí, ilé ta ni omi máa wọ̀?

Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti da omi inú agolo, táyà àti ọ̀rá nù. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò tó.

Ẹ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà kan ṣoṣo. Kí ẹ tó kó ẹrẹ̀ jáde, ẹ ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa gbé e lọ àti ibi tó máa gbé e dà sí. Àgbà ni kó wọ gọ́tà. Kí àwọn ọmọ máa gbálẹ̀, kí wọ́n máa ṣa ike àti ọ̀rá gbígbẹ lọ́tọ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìgò fífọ́ tàbí abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má sun ọ̀rá.

Bí àwọn tó ń ra ọ̀rá piọ́wọ́tà bá wà nítòsí, ẹ kó o jọ fún wọn, kí ẹ fún àwọn ọmọ nínú owó rẹ̀. Wọ́n á rí i pé ohun tí à ń jù nù ṣì wúlò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Njau ṣe rí i.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Obìnrin márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ ní Njau. Ìdílé márùn-ún kò ṣòro rí ládùúgbò yín.