Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́: Bí fáìlì ṣe lè kúrò nínú àká íntánẹ́ẹ̀tì kan dé òmíràn láìsọnù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tó ń kó fọ́tò, fídíò àti ìwé wọn kúrò ní ibi ìpamọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí òmíràn wí. Ní Èjìgbò, ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ní ìpínlẹ̀ Èkó, bíi ti ibi gbogbo, fóònù ti di àpótí ẹrù. Ayafọ́tò ń kó fọ́tò ìgbéyàwó sí i, aránṣọ ń kó àwòrán aṣọ sí i, olùkọ́ ń kó èsì ìdánwò sí i, àwọn kan tilẹ̀ ti ya ìwé ilẹ̀ wọn síbẹ̀.

Èjìgbò mọ ohun tí àdánù ń jẹ́. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń bú gbàù ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sá àsálà fún ẹ̀mí wọn ló kó sínú kànáàlì Òkè-Afá, tí omi sì gbé wọn lọ. Fọ́tò ẹni tó lọ báyẹn kì í ṣe ohun tí ẹbí rẹ̀ lè tún yà. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń fi fóònù yà lónìí, tí wọ́n ń kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ikán àti òjò má baà bà á jẹ́. Bó bá sọnù lójú ọ̀nà, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní 'cloud' kò sí lójú sánmà rárá. Ilé ńláńlá tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀ ni, tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Google, Microsoft, Apple àti Dropbox ń lò káàkiri ayé. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká ni wọ́n ń bá oníbàárà kó fáìlì pamọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ni àgbàdo kọ́ ló ni àká. Ẹni tó ni àká ló ń ṣòfin rẹ̀.

Òfin náà sì máa ń yí padà. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 2021, ni Google ti ń ka fọ́tò tuntun mọ́ gígà 15 tó ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ímeèlì, ìwé àti fọ́tò ló jọ ń pín in. Bó bá kún, ímeèlì tuntun kò ní wọlé mọ́. Láti oṣù kejìlá, ọdún 2023, ilé iṣẹ́ náà tún lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́. Ní oṣù kìíní, ọdún 2012, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti Megaupload pa nítorí ẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni kò rí fáìlì tiwọn gbà mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù, kó kọ́kọ́ wọn ẹrù náà. Gígà méjì ni Dropbox ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, OneDrive ti Microsoft ń fúnni ní márùn-ún. Ẹrù gígà 15 kò lè wọ ibẹ̀ àfi bí ènìyàn bá sanwó. Kí ó ka iye fáìlì tó ní, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹni tó bá ń sọ ẹrù náà kalẹ̀ sínú fóònù kó tó tún gbé e lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni dátà rẹ̀ yóò jó. Ṣùgbọ́n Google ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Takeout, tí a lè ní kó di ẹrù wa, kó sì gbé e tààrà lọ sí Dropbox, OneDrive tàbí Box. Kọ̀ǹpútà wọn ló ń bá ara wọn ṣe é, ẹrù kò gba inú fóònù oníbàárà kọjá. Láti ọdún 2021 ni Apple náà ti ń bá ènìyàn gbé fọ́tò láti iCloud lọ sí Google Photos. Ẹ̀dà ni wọ́n ń gbé, ti àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí ẹrù Takeout bá dé, ńṣe ló dà bí àpò tí wọ́n ran lẹ́nu. A gbọ́dọ̀ tú u, ká ka iye tó wà nínú rẹ̀, ká sì ṣí díẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin. Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò lè wà nínú fáìlì kékeré mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ nù. Ìwé tí a ti fún ẹlòmíràn láàyè láti máa kà yóò nílò àyè tuntun, torí ọ̀nà àtijọ́ kò ní tẹ̀ lé e lọ.

Àwọn kan sì máa ń pa fọ́tò inú fóònù rẹ́ kí àyè lè wà, láìmọ̀ pé fóònù àti àká ti so pọ̀. Ohun tí wọ́n pa níhìn-ín ti kú lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá tètè fura ṣì lè rí i gbà padà: ọjọ́ 60 ni fọ́tò tó ti wọ Google Photos fi ń wà nínú ibi ìdalẹ̀sí rẹ̀, ọjọ́ 30 ni ti Google Drive.

Kọ́kọ́rọ́ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ àká ló ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù kó tó ṣílẹ̀kùn. Àjọ NCC pàṣẹ pé kí wọ́n ti ìlà tí kò so mọ́ NIN pa ní òpin oṣù kejì, ọdún 2024. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá ti kú, kó yí nọ́ńbà padà nínú àkáǹtì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Bó bá sì jẹ́ pé ní kàfé ló ti ń ṣe é, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ pásíwọ̀ọ̀dù, kó sì jáde kúrò nínú àkáǹtì kó tó dìde.

Kò sí ìdí láti kánjú. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tó sì ti pa ti àtijọ́ rẹ́, kò ní ibi tí yóò padà sí. Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà fún oṣù kan ó kéré tán, kí ẹ̀dà kan sì wà nínú fláàṣì nílé. Ìgbà tí ẹ bá ti ka iye rẹ̀, tí ẹ ṣí i, tí ó sì pé, ni kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn àká àtijọ́.