Òdòdó Ló Wà Nínú Lọ́fínńdà Ọkùnrin Yẹn: Ẹ̀kọ́ Látinú Ìgò Old Spice

Bí ẹ bá ti mu zobo tí wọ́n fi kànáfùrù sè rí, òdòdó lẹ mu. Kì í ṣe ti zobo nìkan ni mò ń sọ o. Kànáfùrù fúnra rẹ̀, nǹkan dúdú kékeré tó dà bí ìṣó yẹn, òdòdó ni. Wọ́n já a lórí igi kó tó ṣí, wọ́n sá a sóòrùn, ó gbẹ, ó sì dúdú. Ibi tó rí roboto lórí ìṣó yẹn ni òdòdó tí kò tíì là.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni ọ̀rọ̀ kan tó máa ń jáde lẹ́nu àwa ọkùnrin nídìí ọjà lọ́fínńdà: "Rárá o, èyí ti obìnrin ni, òórùn òdòdó ti pọ̀ jù níbẹ̀." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ á wá gbé ìgò míì tí wọ́n kọ "for men" sí lára, á fín in sọ́wọ́, á ní, "Ẹ̀ẹ́n, èyí ni ti ọkùnrin." Kò mọ̀ pé òdòdó wà nínú ìyẹn náà. Ẹ jẹ́ ká tú ìgò kan wò, ká rí ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ.

Ìgò tó kọ́kọ́ jẹ́ ti obìnrin

Old Spice ni mo mú, nítorí ó wà lára àwọn lọ́fínńdà ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ Shulton, tí William Lightfoot Schultz dá sílẹ̀ ní ìlú New York ní 1934, ló ṣe é. Ohun tó máa ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu ni pé obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní 1937, wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ Early American Old Spice. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1938, ni ti ọkùnrin jáde, wọ́n sì ya ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ sára ìgò rẹ̀. Ní 1990, Procter & Gamble ra orúkọ náà.

Bí àwọn olólùfẹ́ lọ́fínńdà bá ń to ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀, wọ́n á ní: ọsàn àti nutmeg lókè, cinnamon, jasmine, geranium àti carnation láàárín, fànílà, tùràrí, igi cedar àti musk nísàlẹ̀. Ẹ kà á dáadáa. Jasmine, òdòdó. Geranium, òdòdó. Carnation, òdòdó.

Carnation yẹn gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ wa. Òun ni òdòdó tí àwọn òyìnbó máa ń fi há àyà kóòtù ọkọ ìyàwó. Tí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ máa ṣe bíi pé ẹnì kan fi kànáfùrù pa mọ́ sínú òdòdó róòsì. Ìdí rẹ̀ ni pé mólékù kan tó ń jẹ́ eugenol wà nínú àwọn méjèèjì. Eugenol yìí ló pọ̀ jù nínú òróró kànáfùrù. Òróró tí wọ́n ń rí látinú carnation gidi sì kéré, ó wọ́n gan-an, torí náà àwọn apolọ́fínńdà máa ń fi eugenol àti àwọn mólékù míì kọ́ òórùn carnation fúnra wọn. Imú yín á ní òdòdó ni, ahọ́n yín á ní kànáfùrù ni. Irọ́ ò sí lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn.

Kí ló dé tí òórùn fi ń yí padà lára?

Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí mo kà yẹn, àkókò ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ti òkè lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, kì í sì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó fi máa ń lọ. Ti àárín á dúró fún wákàtí díẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni ẹ máa bá lára ṣẹ́ẹ̀tì yín lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwúwo nìkan ló ń fà á: mólékù tó fúyẹ́ á tètè fò, èyí tó wúwo á jókòó. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ẹ wo limonene, tó pọ̀ nínú èèpo ọsàn. Ìwúwo mólékù rẹ̀ jẹ́ 136. Ti cinnamaldehyde, tó ń fún cinnamon ní òórùn, jẹ́ 132. Èyí túmọ̀ sí pé cinnamaldehyde ló fúyẹ́ jù. Ṣùgbọ́n limonene ń hó ní nǹkan bíi 176°C, nígbà tí cinnamaldehyde kì í hó àfi tó bá tó nǹkan bíi 250°C. Ó yà yín lẹ́nu, àbí?

Ohun tó fà á ni bí àwọn mólékù ṣe ń di ara wọn mú. Carbon àti hydrogen nìkan ló wà nínú limonene, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn dì mú. Cinnamaldehyde ní oxygen, oxygen yìí sì máa ń fa mólékù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi wé èrò tó ń jáde nínú pápá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó dá wá á rá pálá jáde kíákíá, àmọ́ àwọn mẹ́wàá tó di ara wọn lọ́wọ́ mú á pẹ́ lẹ́nu géètì. Eugenol náà ní oxygen, ó ń hó ní nǹkan bíi 254°C. Vanillin, tó jẹ́ òórùn fànílà, tún di ara rẹ̀ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń hó ní nǹkan bíi 285°C. Ìdí nìyẹn tí ọsàn fi máa ń kọ́kọ́ sá, tí kànáfùrù àti cinnamon á tẹ̀ lé e, tí fànílà á wá kù lẹ́yìn.

Awọ ara wa ò gbóná tó 100°C, a mọ̀. Kò dìgbà tí nǹkan bá hó kó tó fò lọ. Aṣọ tí a sá sóòrùn kì í hó kó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ara bá ṣe gbóná tó ni mólékù ṣe ń yára fò tó. Nínú oòrùn ọ̀sán, òórùn òkè tó yẹ kó lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè má lò tó ìdajì rẹ̀.

Ta ló ní òórùn máa ń gbóná?

Wọ́n máa ń sọ pé irú lọ́fínńdà yìí "móoru". Ṣé òórùn máa ń gbóná ni? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù.

Imú wa ní nǹkan bíi 400 oríṣi ohun agbòórùn. Linda Buck àti Richard Axel ló ṣàwárí ẹbí àwọn ohun agbòórùn wọ̀nyí ní 1991, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2004. Àmọ́ kì í ṣe àwọn yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú imú. Iṣan míì tún wà níbẹ̀ tó ń gbé ìròyìn ooru, òtútù àti títa lọ sí ọpọlọ. Lára iṣan yìí ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké kan wà tí ooru ń ṣí. Èyí tó ń jẹ́ TRPV1 ni ata náà máa ń ṣí, ìdí nìyẹn tí ata fi ń jó wa lẹ́nu bí iná nígbà tí kò sí iná níbẹ̀. David Julius àti Ardem Patapoutian gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021 lórí ìmọ̀ bí ara ṣe ń mọ ooru àti ìfọwọ́kàn.

Eugenol náà máa ń ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, pàápàá TRPV3, tó máa ń ṣí tí nǹkan bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Cinnamaldehyde ń ṣí TRPA1, tó wà fún títa. Torí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní kànáfùrù móoru, kì í ṣe àròsọ lásán. Ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ ò lọ sókè, ṣùgbọ́n mólékù náà lè kan ilẹ̀kùn tí ooru ń kàn. Èdè wa ti mọ èyí tipẹ́: ata ń ta, òórùn dídùn náà ń ta sánsán.

Ti fànílà yàtọ̀ ní tiẹ̀. Ìrántí oúnjẹ dídùn ló pọ̀ jù nínú "ooru" tirẹ̀, nítorí inú kéèkì àti áísìkiriìmù la ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tó ń fá irùngbọ̀n, ẹ gbọ́ èyí náà. Ọtí ló pọ̀ jù nínú aftershave. TRPV1 tó yẹ kó ṣí ní nǹkan bíi 42°C, ọtí máa ń mú kó ṣí ní nǹkan bíi 34°C. Ara yín sì ń gbóná ju 34°C lọ. Torí náà, ooru ara yín gan-an ló ń jó yín lójú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá yẹn.

Kò sí akọ, kò sí abo

Eugenol ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Limonene náà ò mọ̀ ọ́n. Ní 1966, Edmond Roudnitska po Eau Sauvage fún àwọn ọkùnrin ní ilé iṣẹ́ Dior, mólékù Hedione, tó tan mọ́ òórùn jasmine, sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Ẹni tó ń kọ "for men" sára ìgò, ọjà ló ń tà. Bí òórùn bá wù yín, òun náà nìyẹn. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí lọ́fínńdà olódòdó, kò ṣe nǹkan kan tí àwọn bàbá tó ń lo Old Spice ò tíì ṣe.

Kí owó àti awọ ara yín má bàa ṣòfò

Àkọ́kọ́, ẹ má sanwó ní ìṣẹ́jú méjì. Bí olùtajà bá fín in sórí ìwé tó ní kí ẹ gbọ́ ọ, òórùn òkè nìkan lẹ gbọ́. Ẹ fín in sọ́wọ́, ẹ rìn káàkiri ọjà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó padà wá. Àárín àti ìsàlẹ̀ lẹ máa bá gbé, kì í ṣe òkè.

Ìkejì, tí ẹ ò bá gbọ́ òórùn ara yín mọ́, ẹ má rò pé ó ti tán. Imú máa ń mọ́ ohun tó ń gbọ́ lemọ́lemọ́ lára, ọpọlọ á sì dẹ́kun àtimáa kà á sí. Ẹni tó jókòó tì yín nínú bọ́ọ̀sì ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú rẹ̀.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń po lọ́fínńdà fúnra wọn nílé. Ẹ má ṣe fi òróró kànáfùrù tàbí ti cinnamon sára láìbù ú là. Eugenol tí dókítà eyín ń lò fún eyín dídùn, òun náà ló lè mú kí awọ ara pọ́n, kó máa yún, kó sì wú. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa kọ̀ ọ́ títí ayé. Ní 2003, òfin Ìpapọ̀ Yúróòpù ní kí wọ́n kọ orúkọ nǹkan 26 sára páálí bí wọ́n bá ti ju 0.001% lọ nínú ohun tí a ń fi sára tí a kì í fọ̀ kúrò. Eugenol, isoeugenol, cinnamal àti limonene wà lára wọn. Torí náà, ẹ ka páálí. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ díẹ̀ wò sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má fín in sójú egbò tàbí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ọtí inú rẹ̀ sì lè gbiná, ẹ má fín in nítòsí àbẹ́là tàbí sítóòfù.

Tí ẹ bá fẹ́ fi imú ara yín rí gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ ra kànáfùrù díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá eléròjà. Ẹ bó èèpo ọsàn kan, ẹ fún omi èèpo náà sórí ìwé, ẹ fọ́ kànáfùrù sórí ìwé kejì, kí ẹ máa gbọ́ méjèèjì ní wákàtí wákàtí. Ẹ kọ ìgbà tí ọsàn bá lọ sílẹ̀. Ẹ wo bí kànáfùrù á ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn rẹ̀.