Ilé Onílé Ni: Bí A Ṣe Ń Wọ Ilé Tí Olórin Ńlá Ti Dàgbà

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba, tí ẹ sì máa ń lọ kí wọn nígbà ìsinmi àwọn ọmọ. Bí ìrìn àjò bá gbé yín dé Liverpool, ìlú etí omi tí ọkọ̀ Aureol ń kó àwọn ènìyàn wa lọ láti Èkó láti ọdún 1951 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò ní ṣàì sí ẹni tí yóò ní kí ẹ lọ wo ilé tí àwọn olórin Beatles ti ṣe ọmọdé. Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pápá ìṣeré.

Ilé méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀kan wà ní ojúlé 251, Menlove Avenue. Mendips ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ sì ni John Lennon gbé láti nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún. Èkejì wà ní ojúlé 20, Forthlin Road, níbi tí àwọn òbí Paul McCartney kó lọ ní ọdún 1955. Ẹgbẹ́ National Trust, àwọn tí ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ tí ó ní ìtàn, ni ó ni méjèèjì nísinsìnyí. Wọ́n ṣí ti McCartney fún àlejò ní ọdún 1998. Ti Lennon tẹ̀lé e ní ọdún 2003, lẹ́yìn tí Yoko Ono, opó rẹ̀, ra ilé náà tí ó sì fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Bí ẹ bá ń retí ààfin, ẹ kò ní rí i. Ilé tí ìjọba ìlú kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ni ti Forthlin Road, ògiri rẹ̀ so mọ́ ti aládùúgbò, yàrá rẹ̀ kò sì tóbi. Mary, ìyá Paul, agbẹ̀bí ni. Kẹ̀kẹ́ ni ó máa ń gùn lọ sí ilé àwọn aboyún lóru, àní nígbà tí yìnyín bá bolẹ̀. Jim ọkọ rẹ̀ wà nídìí òwò òwú. Wọn kò tí ì pé ọdún méjì nínú ilé tuntun náà nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú mú Mary lọ, ní oṣù kẹwàá ọdún 1956. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Paul, Mike àbúrò rẹ̀ sì kéré sí i. Baba ni ó ku àwọn ọmọkùnrin méjèèjì kù nínú pálọ̀ tí dùùrù wà. Ibẹ̀ ni John àti Paul máa ń jókòó sí pẹ̀lú gìtá, tí wọ́n ń hun orin pọ̀ nígbà tí Jim bá wà níbi iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń sá nígbà mìíràn kí wọ́n tó lè wá. Ìyẹn kò yẹ ní ohun tí àwọn ọmọ yín ń gbọ́.

Ní Mendips, ẹ̀gbọ́n ìyá John, Mimi, ni ó tọ́ ọ. Òun àti George ọkọ rẹ̀ kò bímọ. Nígbà tí George kú ní ọdún 1955, ó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílé kí owó lè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọmọ-ìyá yín yóò mọ obìnrin yìí dáadáa: ó le, ó mọ́ tónítóní, kò sì fẹ́ràn ariwo gìtá. Sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré onígíláàsì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń lé John lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn gìtá ti ń dún dáradára, inú àwọn ọmọ náà sì dùn sí i.

Julia, ìyá tí ó bí John, kò gbé ibi tí ó jìnnà, ó sì máa ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1958, ó kúrò ní Mendips, ó ń sọdá Menlove Avenue láti lọ wọ bọ́ọ̀sì, ni ọkọ̀ bá kọlù ú. Ó kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni John nígbà náà. Ẹ wáá rò ó wò, ẹni tí ó dúró lẹ́bàá òpópónà yẹn, tí ó ń fò sókè, tí ó ń pariwo orin kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú lọ́kàn. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nítorí náà, ẹ sọ ìtàn àwọn ìyá wọ̀nyí fún àwọn ọmọ yín kí ẹ tó jáde nílé. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ìyá ẹnìkan kú níbẹ̀ kò ní sáré lórí àtẹ̀gùn. Ẹ gba àyè ṣáájú, nítorí a kì í ṣàdédé kan ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀sì kékeré ni ó ń kó àlejò lọ, ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá wọlé, ẹni tí ń tọ́jú ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, bí ẹ ti máa ń ṣe ní ilé àna yín. Wọn kò gbà kí a ya fọ́tò nínú ilé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi àpò àti fóònù sílẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ má jókòó lórí ibùsùn, ẹ má sì já òdòdó tàbí ṣa òkúta ọgbà ní ìrántí.

Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Àwọn ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin ni wọ́n ń gbé ní Forthlin Road. Wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń fi ọmọ sùn lọ́sàn-án. Fèrèsé wọn kò sí lára ohun tí ẹ wá wò, ẹnu ọ̀nà wọn kì í sì í ṣe ibi ìjókòó. Ní ọdún 2009, Bob Dylan, olórin tí ayé mọ̀, wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan náà pẹ̀lú àwọn àlejò yòókù lọ sí Mendips, ó wo ilé náà, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú bọ́ọ̀sì kò sì dá a mọ̀.

Bí bọ́ọ̀sì bá sì ti já yín sí Menlove Avenue, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú ṣinṣin. Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ títí di òní.